Iléeṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Inú Gáréèjì

Mọ́tò kì í sábà sùn nínú gáréèjì ní Little Elm, Texas. Ẹ gba ọ̀nà 380 láti Denton, kí ẹ yà sí apá ibi tí adágún omi Lewisville wà, ẹ ó rí i pé ìta gbangba ni mọ́tò olówó ńlá ń sùn, tí páálí, ẹ̀rọ ìgékoríko àti igi Kérésìmesì oníke sì ń gbádùn lábẹ́ òrùlé. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Àpò gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, kúlà tí a máa ń gbé lọ òde àríyá wà níbẹ̀, páálí fíìmù àti orin tí mo kó bọ̀ láti Nàìjíríà ló wá gba ìyókù. Ìgbà tí yìnyín bọ́ ní oṣù Kẹrin, tó lu orí mọ́tò ìyàwó mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó dá kòtò-kòtò sí i lára, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyàwó mi dúró ti mọ́tò náà, ó nàka sí páálí mi.

“Dádì, ẹ mú ọ̀kan. Túndé Kèlání ni tàbí èmi?”

Mo ronú díẹ̀ kí n tó dáhùn. Ìronú yẹn ló bí i nínú jù.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú páálí náà. VCD ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwo pẹlẹbẹ tí àwọn iléeṣẹ́ bíi Philips àti Sony gbé jáde lọ́dún 1993. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. DVD ni wọ́n gbà nígbà tó dé. Àwa la fi tọwọ́ tẹsẹ̀ gba VCD. Láti Ìdúmọ̀tà títí dé inú gosiló Ọ̀jọ́ta, wọn á nà án sí ọ lójú fèrèsé mọ́tò, wọn á sì sáré tẹ̀ lé ọ títí wàá fi sanwó. Mo ní Ó Le Kú ti ọdún 1997, mo ní Ṣaworoidẹ ti 1999, mo ní Thunderbolt ti 2001 tí gbogbo wa mọ̀ sí Mágùn, mo ní Agogo Èèwọ̀ ti 2002. Túndé Kèlání ló darí gbogbo wọn. Mo tún ní ti àwọn mìíràn tí orúkọ wọn ti pa rẹ́ lára àwo. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa VCD o, torí òun ló dójú tì mí: àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Fíìmù tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, àwo méjì ni. A ó wo ọ̀kan tán, ẹnì kan á dìde lọ fi èkejì sí i, ẹni tó ti ń mú ìtọ̀ mọ́ra á sáré lọ tọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìjọ wa ló ní kí n má dààmú. Ó ní àwọn èèyàn ti ń kó gbogbo fíìmù àti orin wọn sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ilé, tí kọ̀ǹpútà náà á máa pín in fún tẹlifíṣọ̀n àti fóònù lórí Wáìfáì. Ó dárúkọ Plex. Ó dárúkọ Kodi, tó ń jẹ́ XBMC títí di ọdún 2014 torí pé orí Xbox, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe géèmù, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ Jellyfin tó ya kúrò lára Emby lọ́dún 2018. Mi ò ní sọ èyí tí mo lò, torí kò ṣẹ̀ mí. Ó ní kí n sáà wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan, kí n ra díìskì tó mọ níwọ̀n sí i, pé gbogbo páálí mi kò tó nǹkan.

Èmi, kí n ra nǹkan tó mọ níwọ̀n? Mo ra díìskì tẹrabáìtì mẹ́jọ. Ohun tó wà nínú VCD kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 800 mẹ́gábáìtì lọ, ìyẹn ni pé ohun tí mo rà lè gba àwo tó tó nǹkan bí 10,000, fún ọkùnrin tí páálí rẹ̀ kò kún ẹ̀yìn mọ́tò. Mo sì ra méjì irú rẹ̀, torí ọmọ náà ṣèèṣì mẹ́nu ba nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní RAID 1: ohunkóhun tí a bá kọ sórí díìskì kìn-ín-ní, èkejì á kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì ṣì wà. Mo ní ọ̀rọ̀ rèé. Ó tún fẹ́ ṣàlàyé pé èyí kò ní kí ẹni má ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíì, ṣùgbọ́n mo ti ń sanwó nígbà yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ọ́ sójú WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Yorùbá máa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Little Elm. Ẹnì kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi mí bóyá a ń gba òṣìṣẹ́. Mo ní kó fi CV rẹ̀ ránṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn débi tó yẹ kó ti bà mí lẹ́rù. Fún fíìmù kọ̀ọ̀kan, mo ṣí fódà kan, mo kọ orúkọ fíìmù náà sí i. Mo ki àwo kìn-ín-ní bọ kọ̀ǹpútà. Fódà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ MPEGAV, inú MPEGAV ni fáìlì ńlá kan wà tó ń jẹ́ AVSEQ01.DAT. Fíìmù gan-an nìyẹn. Mo fà á wá sínú fódà tèmi. Mo yọ àwo kìn-ín-ní, mo ki èkejì bọ̀ ọ́, mo ṣí MPEGAV tirẹ̀ náà, mo rí fáìlì, mo fà á wá. Kọ̀ǹpútà dá mi dúró. Ó ní fáìlì kan ti wà níbí tó ń jẹ́ AVSEQ01.DAT, ṣé kí òun fi èyí rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà, mi ò tíì ka ìbéèrè rẹ̀ tán rí. Yóò bi mí bóyá mo fara mọ́ àdéhùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Yóò bi mí bóyá kí òun tún ara òun ṣe, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá tún dúró ka gbogbo àròyé rẹ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ jẹun? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe ṣe ti Ó Le Kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti Ṣaworoidẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ àwo méjì nínú páálí náà, tí mo ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ̀pà. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ṣètò VCD ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orúkọ kan náà ni fáìlì inú wọn á máa jẹ́, ì báà jẹ́ fíìmù Tókyò, ì báà jẹ́ ti Ìdúmọ̀tà. Apá kejì ń wọlé, ó ń pa apá kìn-ín-ní rẹ́. Díìskì kejì tí mo fowó gidi rà kí nǹkan má baà sọnù rí i pé ẹnì kejì òun ti pa á rẹ́, òun náà sì pa tirẹ̀ rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Mo dán wọn wò, ẹ má rò pé mi ò dán wọn wò. Mo máa ń ṣí fíìmù kọ̀ọ̀kan; bí mo bá ti rí i tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo gbà pé fíìmù ni.

Ti orin ni mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì ò ṣe é fà báyìí; èyí tó bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú 60 gbáko ló máa fi kọrin kí kọ̀ǹpútà tó gbà á sílẹ̀ tán. Àsìkò wá wà fún mi láti tẹ orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára ìwé inú kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gé oyè kúrò lórí orúkọ àgbà? Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ènìyàn ń gboyè. Lójú tirẹ̀, Síkírù Àyìndé Barrister jẹ́ ẹnì kan, Alhaji Síkírù Àyìndé Barrister jẹ́ ẹlòmíràn, Dókítà Síkírù Àyìndé Barrister sì jẹ́ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Sunny Adé tó ń kọrin pẹ̀lú Green Spots kò bá Sunny Adé tó ń kọrin pẹ̀lú African Beats tan rárá. Ebenezer Obey tó jẹ́ Chief Commander wà nílé ọ̀tọ̀, èyí tó jẹ́ Evangelist wà nílé ọ̀tọ̀. Nígbà tó wá fi a-b-d tò wọ́n, gbogbo ẹni tó bá ti lọ sí Mẹ́kà ló há sábẹ́ A: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà, Barrister, Kollington. Barrister àti Kollington tí wọ́n fi orin ta ara wọn lọ́rọ̀ ní àwọn ọdún 1980 ni kọ̀ǹpútà mi fi jókòó sórí àga kan náà.

Ọmọ mi wo ojú tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀, orí rẹ̀ wú.

“Dádì, Alhaji yìí mà kọrin o!”

Mi ò tú ohunkóhun ṣe. Màmá, ìyá ìyàwó mi, ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kó bá iléeṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kó àwo àti kásẹ́ẹ̀tì sínú garawa ìdọ̀tí ńlá tó wà níwájú ilé. Ọkọ̀ akólẹ̀ dé, ó na apá irin rẹ̀, ó gbé garawa náà sókè, ó yí i dorí kodò, gbogbo rẹ̀ ró wààrà. Mo juwọ́ sí awakọ̀ náà. Ìyàwó mi gbé mọ́tò rẹ̀ tó ti di kòtò-kòtò wọlé, ó sì tún fi mí ṣe olówó orí rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oṣù Keje ni Màmá dé. Ẹni tó bá mọ Texas mọ ohun tí oṣù Keje jẹ́: ooru á kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tiwọn, ìyẹn 38 lórí tiwa, inú gáréèjì á sì tún gbóná ju ìta lọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjíìnì mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òde, torí ìyàwó mi ní ariwo fáànù rẹ̀ ò jẹ́ kí òun gbọ́ àdúrà ara òun ní pálọ̀.

Mo pe èrò. Wọ́n wá láti Frisco, wọ́n wá láti McKinney, wọ́n gbé ìrẹsì àti àsun dání. Mo ki Màmá káàbọ̀, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àṣà àti èdè wa, tí ìyàwó mi fi ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n jókòó. Mo tẹ Ṣaworoidẹ.

Àárín gbólóhùn ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń dá ẹnì kan lóhùn, a ò sì mọ ohun tí onítọ̀hún bi í. Àwòrán VCD kò ju 352 sí 288 lọ, tẹlifíṣọ̀n wa sì jẹ́ 3,840 sí 2,160, nítorí náà ojú àwọn òṣèré rí kókó-kókó bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò hó. Mo ní kò burú, mo máa fà á padà sẹ́yìn. Kò sí ẹ̀yìn kankan níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la wà yẹn. Mo pa á, mo tẹ Ó Le Kú. Àjàní ti wọ gàù kí a tó mọ obìnrin tó kó o sí i. Mo tẹ Agogo Èèwọ̀. Bákan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ àsun ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù nígbà yẹn nìyẹn, kí òpin má baà yà wá lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìbéèrè kọ̀ǹpútà, mo sì kà á tán nínú ọkàn mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Òógùn bò mí nínú ẹ̀rọ amúlétutù.

Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó yẹ kí n parọ́, àmọ́ kò tètè wá sí mi lọ́kàn. Màmá fetí sílẹ̀ dáadáa.

“Àna mi, ẹ ò rí i pé apá kejì kọ́ ló yẹ kí ẹ tọ́jú?”

Mo ní mo ti rí i báyìí, Màmá.

“Ẹ pa nǹkan yẹn. Ẹ fún mi lómi.”

Màmá gba omi, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ Ṣaworoidẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí Lápité ṣe dórí oyè Jogbo láì jẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo orò tó yẹ, ó gbé ohùn Lápité, ó gbé ohùn àwọn ìjòyè, ó fi ìka lu tábìlì níbi tí ìlù bá wà. Àwọn ọmọ tí wọn kì í wo nǹkan tó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lò ju ìṣẹ́jú 74 lọ dáadáa, torí ó ń yà sọ ìtàn àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ìwà wọn jọ ti Lápité. Nígbà tó dé ibi tí àwo mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ti kú.

Ooru ló pa á. Tẹlifíṣọ̀n wa ò mọ irú fáìlì inú VCD, kọ̀ǹpútà ló ń yí i padà sí èyí tó mọ̀ bí fíìmù ṣe ń lọ, iṣẹ́ yẹn sì máa ń mú un gbóná. A ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu, a gbé fáànù síwájú rẹ̀, a gbé kúlà kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi àti ọkùnrin mẹ́ta nínú aṣọ àǹkárá. Òyìnbó kan ládùúgbò wa tó ń mú ajá rẹ̀ rìn yà sọ́dọ̀ wa. Ó rò pé a ń ta ẹrù ilé ni. Ó bi mí iye tí mo fẹ́ gbà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ìyàwó mi ti dáhùn láti ẹnu ọ̀nà kí n tó lanu: ó ní iyekíye tó bá ní lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n síwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tà á; nígbà tó tutù, ó jí padà. Lọ́jọ́ kan tí Màmá ń fi rìmóòtù wo inú iléeṣẹ́ mi fúnra rẹ̀, ó kan àwòrán ọkùnrin ará Ṣáínà kan, ó ní ta nìyí. Fíìmù Mágùn ni o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò inú kọ̀ǹpútà yẹn máa ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá àwòrán àti àlàyé fíìmù kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí a kọ sí fódà ló sì ń lò. Ó yẹ kí ènìyàn fi ọdún kún orúkọ, kí n kọ 2001 tẹ̀ lé Thunderbolt. Thunderbolt lásán ni mo kọ. Thunderbolt mìíràn sì wà tí wọ́n ṣe ní Hong Kong lọ́dún 1995, Jackie Chan ló ṣe é, ó ń tún mọ́tò ṣe, ó sì ń sáré ìdíje nínú rẹ̀. Òun ni kọ̀ǹpútà mú. Ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, fíìmù Túndé Kèlání, àwòrán Jackie Chan.

Ọmọ mi ka àlàyé ibẹ̀ fún ìyá ìyá rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: mẹkáníìkì ni ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré.

“Mẹkáníìkì,” ni Màmá wí, ó mi orí. “Wọ́n máa ń mọ oògùn.”

Mo ní Màmá, àṣìṣe ni àwòrán yẹn, kò sí nínú fíìmù náà. Ó wò mí tàánú-tàánú.

“Àna mi, ẹni tó pa ìdajì fíìmù rẹ́ ló fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi?”

A jókòó wò ó, ìyẹn apá kejì. Wọ́n ti fi mágùn sí obìnrin inú fíìmù náà lára, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òyìnbó sì ni wọ́n ń sọ jù nínú fíìmù yìí, èyí tí Màmá kì í gbọ́ tán. Ó ń retí mẹkáníìkì. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, Màmá á ní, “Òun nìyẹn.” Bí mọ́tò bá ti kọjá lójú títì, á ní, “Ó ti dé.” Ìyàwó mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ fíìmù yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, èmi náà ń retí rẹ̀.

Fíìmù parí. Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè. Màmá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó wá yí ojú sí mi, gbogbo ilé sì yí ojú sí mi pẹ̀lú rẹ̀.

“Apá kìn-ín-ní ló wà,” ló wí. “Ẹ ti pa á rẹ́.”

Mo sọ ọ́ títí, mo fi íntánẹ́ẹ̀tì hàn án, mo fi Jackie Chan inú fíìmù tirẹ̀ hàn án, tó ń wa mọ́tò. Ó ní ṣé òun náà ò sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń wa irú mọ́tò yẹn kò lè pẹ́ kó tó dé Ìbàdàn.

Màmá padà sílé ní oṣù Kẹ̀sán-án. Kò pẹ́ tí àbúrò ìyàwó mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀.

“Bùọ̀dá, Màmá ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Jackie Chan bá Túndé Kèlání ṣeré, pé ọwọ́ yín ni ìdajì rẹ̀ wà. Ẹnì kan tó ń ta fíìmù ní Dùgbẹ̀ ní òun máa san owó gidi tí ẹ bá lè rí apá kìn-ín-ní.”

Mo ní kó bá mi bi í pé èló.